Ẹrú Ṣe Ọmọ Rí: Ìtàn Bakhita Mímọ́ àti Àwa Ará Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń gba orí ilẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbíní kò lè ṣàì mọ Ọ̀rẹ̀. Ìlú oríta ni. Níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà ńlá tí ó so Èkó mọ́ Ìbíní. Odìgbó, ìlú àgbà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò jìnnà sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ tí ó jókòó ti ọ̀nà ni ó di ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀hún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, agbègbè Ọ̀rẹ̀ ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Bìáfírà tí ń bọ̀ lọ́nà Èkó dúró. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àṣamọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí nǹkan bá le kọjá sísọ, wọn a ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀."

Bí ìrántí wa ti rí nìyẹn. Ìjà ni a máa ń rántí. Orúkọ ẹni tí ó ja ogun kì í tètè parẹ́. Akígbe a ké e, ayàn a fi ìlù pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ogun kó lọ ńkọ́? Àwọn àgbà ti pa òwe kan tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n: "Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi òwe náà ṣe fìtílà, kí a fi wo ìgbésí-ayé obìnrin ará Sudan kan, Josephine Bakhita, ẹni tí Ìjọ Àgùdà kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. A óò wo bí ó ti di ẹrú, bí ó ti bọ́ lóko ẹrú, àti irú ọ̀wọ̀ tí Ìjọ ń fún un. Lẹ́yìn náà ni a óò béèrè ohun tí ìtàn rẹ̀ ń bi àwa tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ gba ilẹ̀ wa kọjá. Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ bọlá fún Bakhita ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè ṣe é tán láìrántí àwọn ẹrú tiwa.

Ìbí àti Ìjígbé

Nǹkan bí ọdún 1869 ni a bí Bakhita ní abúlé Olgossa ní ilẹ̀ Darfur, ní apá ìwọ̀-oòrùn Sudan. Ẹ̀yà Daju ni wọ́n. Ọmọ ilé ire ni. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ni olórí abúlé wọn. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ó dàgbà pé ilé àwọn kún fún ọmọ, pé òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìyà nígbà náà, àti pé ìbejì ni òun.

Ìbànújẹ́ kọ́kọ́ wọ ilé náà nígbà tí àwọn akónilẹ́rú jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé. Ọmọdé ni Bakhita nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé igbe tí ìyá rẹ̀ ké lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ kò jìnnà ni ó kan òun náà. Ní nǹkan bí ọdún 1877, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣeré nítòsí oko nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì kan yọ sí wọn. Wọ́n ní kí èkejì rẹ̀ máa lọ níwájú, wọ́n sì rán Bakhita pé kí ó bá wọn mú ẹrù kan wá láti inú igbó. Nígbà tí ó dé inú igbó, ọ̀kan yọ ọ̀bẹ sí i, wọ́n sì mú un lọ. Kì í ṣe ogun ni ó kó o. Iṣẹ́ ni a rán an, bí a ti ń rán ọmọ ẹni níṣẹ́. Nítorí pé ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi rin ọ̀nà tí ó ju 600 kìlómítà lọ dé El Obeid, níbi tí ọjà ẹrú wà. Nígbà kan, òun àti ọmọbìnrin mìíràn já ìdè wọn, wọ́n sá wọ inú igbó, wọ́n sì gun igi ní òru nítorí ẹranko búburú. Ẹranko kò pa wọ́n. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ọ̀sìn kan ni ó rí wọn, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì tún tà wọ́n. Láti ìgbà náà ni a ti ń tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn ní ọjà El Obeid àti ti Khartoum.

Orúkọ àti Ilà

Ohun méjì ni ó yẹ kí Yorùbá fi ara balẹ̀ wò nínú ìtàn yìí, nítorí pé ọwọ́ pàtàkì ni àwa fi mú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ni orúkọ, èkejì ni ilà.

Nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà bi ọmọ yìí léèrè orúkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bakhita. Èdè Lárúbáwá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "olóríire". Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò padà sí orí rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àwa a máa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni àwọn olè wọ̀nyí wò? Ẹrù tí wọ́n ń bá ọjà lọ ni wọ́n wò, oríire tiwọn ni wọ́n sì fi sọ ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni a ti bí i ni, orúkọ àmútọ̀runwá ni ìbá jẹ́. Bí ó tilẹ̀ gbàgbé gbogbo orúkọ yòókù, níwọ̀n ìgbà tí ó rántí pé ìbejì ni òun, ẹnikẹ́ni ìbá mọ̀ pé bí kò bá jẹ́ Táyé, a jẹ́ pé Kẹ́hìndé ni. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ó bá ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bìkítà láti bi í léèrè irú ọmọ tí ó jẹ́ nílé ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilà burú ju ti orúkọ lọ. Láàárín àwa, ilà ojú jẹ́ àmì ìdílé. Àwọn àgbà a máa sọ pé nígbà ogun, ilà ni a fi ń mọ ọmọ ẹni láàárín ọ̀pọ̀ ìgbèkùn. Ilà tí a kọ fún Bakhita kò jẹ mọ́ ìdílé kankan. Nígbà tí ó wà nílé ọ̀gágun ará Tọ́kì kan, ìyàwó ọ̀gágun náà pàṣẹ pé kí a kọ ilà sí òun àti àwọn ẹrúbìnrin mìíràn lára. Olókọlà fi ìyẹ̀fun funfun ya àwòrán sí ara rẹ̀, ó sì fi abẹ tẹ̀ lé e: 6 ní àyà, 60 ní ikùn, 48 ní apá ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 114. Lẹ́yìn náà ni ó da iyọ̀ sí ojú ọgbẹ́, ó sì fi ọwọ́ rà á kí ojú ọgbẹ́ má baà pàdé. Lórí ẹní ni ó wà fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Àpá náà bá a wọ sàréè. A rí i pé ohun kan náà tí àwa fi ń sọ pé "ọmọ wa nìyí" ni àwọn wọ̀nyí fi sọ pé "ẹrù wa nìyí."

Ẹjọ́ Venice

Ní ọdún 1883, ará Ítálì kan, Callisto Legnani, tí ó jẹ́ igbákejì aṣojú ìjọba Ítálì ní Khartoum, ra Bakhita. Ilé rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí ẹni tí kò fi pàṣán kàn án. Nígbà tí ogun Mahdi ń sún mọ́ Khartoum, Legnani múra àtipadà sí ìlú rẹ̀, Bakhita sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú òun lọ. Ní ọdún 1885 wọ́n gúnlẹ̀ sí Genoa. Níbẹ̀ ni Legnani ti fi í ta ìdílé kan lọ́rẹ, ìdílé Augusto Michieli, wọ́n sì fi í ṣe olùtọ́jú ọmọ wọn kékeré tí wọ́n ń pè ní Mimmina. A kò gbọdọ̀ gbójú fo èyí: ẹni tí ó ṣàánú rẹ̀ ni ó rà á, òun náà ni ó sì fi í tọrẹ bí ẹni fi adìẹ tọrẹ.

Ìdílé Michieli ní ilé-ìtura kan ní Suakin létí Òkun Pupa. Nígbà tí ìyá Mimmina fẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1888, ó fi ọmọ rẹ̀ àti Bakhita sí ọ̀dọ̀ àwọn Sístà Kánósà ní Venice. Níbẹ̀ ni Bakhita ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ó sọ lẹ́yìn náà pé láti kékeré ni òun ti máa ń wo oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, tí òun sì ń bi ara òun léèrè pé ta ni Ọ̀gá àwọn ohun wọ̀nyí. Nígbà tí ìyá Mimmina padà dé láti mú wọn lọ sí Suakin, Bakhita kọ̀. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà ní òun kò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1889, níwájú aṣojú ọba ní ìdí òfin àti Kádínà àgbà Venice, ìpinnu jáde pé òfin Ítálì kò mọ ẹrú, àti pé kò sí ìgbà kan rí tí obìnrin yìí jẹ́ ẹrú lábẹ́ òfin láti ìgbà tí ó ti dé ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà èwe rẹ̀ tí a bi Bakhita léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Sístà ni òun yóò dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1890 ni a ṣe ìrìbọmi fún un. Lára àwọn orúkọ tí ó gbà ni Josephine àti Fortunata. Fortunata yìí jẹ́ ìtumọ̀ Bakhita ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Orúkọ tí olè sọ ọ́ náà ni ó gbé wá sí ìdí omi ìrìbọmi, nítorí pé kò ní òmíràn tí ó lè gbé wá.

Ìlẹ̀kùn Schio

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1896 ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ gẹ́gẹ́ bí Sístà Kánósà. Ní ọdún 1902 wọ́n rán an lọ sí ìlú Schio ní àríwá Ítálì, ibẹ̀ ni ó sì lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ kò le láti kà: ó ṣe alásè, ó rán aṣọ, ó tọ́jú yàrá ohun èlò ilé ìsìn, ó sì ṣe aṣọ́nà. Àwọn ọmọdé tí ń bọ̀ wá sí ilé-ìwé ni yóò gbé ọwọ́ lé lórí bí ó ti ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn ará ìlú ń pè é ní "Ìyá wa Dúdú". Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ nígbà èwe rẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọdún 1931, Ida Zanolini tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbésí-ayé rẹ̀, ìwé náà sì sọ ọ́ di olókìkí jákèjádò Ítálì. Láti ìgbà náà ni a ti ń mú un káàkiri láti sọ ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún un, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ariwo. Nígbà ogun àgbáyé kejì, bọ́ǹbù já lu Schio, àwọn ará ìlú sì gbà pé àdúrà rẹ̀ ń dáàbò bò wọ́n. Ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀, àìsàn mú un. Nígbà tí ìyè rẹ̀ ń ra, ó padà sí ilẹ̀ Sudan nínú èrò rẹ̀: ó bẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó bá òun dẹ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ òun, nítorí pé ó wúwo. Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1947 ni ó kú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin ti sọ pé kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n náà ṣì wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Irú Ọ̀wọ̀ tí Ìjọ ń Fún Un

Sísọ ènìyàn di ẹni mímọ́ nínú Ìjọ Àgùdà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjijì. Ní ọdún 1959 ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lórí ìgbésí-ayé Bakhita. Ní ọdún 1978 Ìjọ kéde pé ìwà rẹ̀ tọ́ sí àwòkọ́ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1992 Póòpù John Paul Kejì pè é ní Alábùkúnfún, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2000 ó sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Iṣẹ́ ìyanu tí Ìjọ gbé yẹ̀ wò fún ti ìgbẹ̀yìn yìí ni ìwòsàn obìnrin kan tí ó ní ọgbẹ́ àtọ̀gbẹ lẹ́sẹ̀ ní ìlú Santos, ní Brazil. Ẹni tí ó bá mọ iye ọmọ Yorùbá tí a fi ọkọ̀ kó lọ sí Brazil pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ yóò mọ̀ pé ìròyìn náà ní ohun tí ó fi bá wa tan.

Àwọn kan a máa sọ pé ohun tí Ìjọ Àgùdà ń ṣe yìí kò yàtọ̀ sí bí àwọn baba wa ṣe sọ akọni di òrìṣà. Ìjọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, Ọlọ́run nìkan ni a ń sìn; ẹni mímọ́ ni a ń bọ̀wọ̀ fún, tí a sì ń bẹ̀ pé kí ó bá wa gbàdúrà, bí ẹni bẹ àgbà ilé kí ó bá òun dé ọ̀dọ̀ ọba. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ yìí níhìn-ín. Ohun tí ó jọ wá lójú ni irú ẹni tí a yàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìtàn wa gbé ga jẹ́ alágbára: Ṣàngó jẹ́ ọba, Ògún jẹ́ jagunjagun. Mọ́remí Àjàsorò, tí Ilé-Ifẹ̀ ń rántí nígbà ọdún Ẹdì, wọ ìgbèkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí a mú òun, ó sì fi àṣírí ọ̀tá gba ìlú rẹ̀ là. Bakhita kò gba ìlú kankan là. Kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni. Wọ́n tà á, ó jìyà, ó bọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó kú. Kí a tó lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí pẹpẹ, a ní láti kọ́kọ́ gbà pé ìyà ẹrú jẹ́ ohun tí ó tó ka sí ìtàn.

Àwọn Ẹrú Tiwa

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ọdún 1877 tí a jí Bakhita gbé ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ogun tí a kò tú àgọ́ rẹ̀ ká títí di ọdún 1893. A mọ orúkọ Látòósà, a mọ ti Ògèdèǹgbé, a sì mọ ti Fábùnmi. Ta ni ó mọ orúkọ ọmọ kan tí a kó ní abúlé Èkìtì tí a sì tà lọ́jà? Ní ọdún 1872, John Glover tí ó jẹ́ alákòóso Èkó ti ṣe ètò láti la ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá dé etí ọ̀sà, kí òwò lè máa lọ láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà yẹn kan náà ni ìbọn gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú tí ó bá rí àyè sá ń wá ọ̀nà dé Èkó, nítorí pé ibẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861. A rí i pé ilẹ̀ Oǹdó jẹ́ ọ̀nà fún òwò àti ogun kí a tó da ọ̀dà sí títì kankan.

Àwọn òǹkàwé wa kò ṣàjèjì sí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí a pa ní ọdún 1874, nígbà tí Bakhita wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nínú eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lórí rẹ̀, Adétutù àti Ìtáwuyì jẹ́ ẹrú tí ó ní orúkọ, tí ó ní ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù. Òǹkọ̀wé ni ó dá wọn. A ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ronú sí i pé ìtàn àròkọ ni a ní láti lọ kí a tó rí orúkọ tí ìtàn gidi kò tọ́jú.

Díẹ̀ ni àwọn tí orúkọ wọn yọ. Àjàyí tí a mú ní Òṣoogùn ní ọdún 1821 di Samuel Àjàyí Crowther, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, orúkọ tí a bí mọ́ ọn kò sì kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bakhita kò rí tirẹ̀ mọ́ láé. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, a óò mọ̀ pé ti Bakhita ni ó jọ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ti Crowther ni ó ṣọ̀wọ́n.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fi ń pe ìjọ náà gan-an tún jẹ́ ẹ̀rí. Àgùdà ni a ń pe àwọn tí ó ti oko ẹrú padà bọ̀ láti Brazil àti Cuba. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ tí ń péjọ gbàdúrà lábẹ́ ìtọ́jú ẹrú tẹ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Kò tíì sí fadá tí ń gbé Èkó nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí ará Odìgbó kan bá sọ lónìí pé Ìjọ Àgùdà ni òun ń lọ, lábẹ́ Díósísì Oǹdó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, orúkọ àwọn tí a tà ni ó ń dá, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìdáríjì

Ohun kan wà nínú ìtàn Bakhita tí ó le láti gbé mì. Ó sọ pé bí òun bá tún pàdé àwọn tí ó jí òun gbé, òun yóò kúnlẹ̀, òun yóò sì fi ẹnu ko ọwọ́ wọn, nítorí pé bí kì í bá ṣe ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà, òun kì bá tí mọ Kristi. Àwọn mìíràn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ó ń sọ pé ìbùkún ni oko ẹrú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀tá wa ni ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dárí jini. Kò sí onígbèsè tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ dárí gbèsè ji ara rẹ̀. Bakhita lè fi ẹnu ko ọwọ́ akónilẹ́rú, nítorí pé ara tirẹ̀ ni abẹ kọ. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ẹni tí ó ra, ọmọ ẹni tí ó tà, àti ọmọ ẹni tí a tà, kò sí èyí tí ó lè yá ìdáríjì rẹ̀ lò nínú wa. Ìjọ gbogbo Ítálì ìgbà náà tí ó fẹ́ràn láti gbọ́ ìtàn rẹ̀, ìgbà kan náà ni ìjọba wọn ń fi ogun gba ilẹ̀ Ethiopia, ní ọdún 1935 sí 1936. Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó dárí jini ju kí a jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń dárí rẹ̀ jini lọ.

Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ Lónìí

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni à ń sọ kò wo ọ̀nà tí ó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni a ti ń kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti ilẹ̀ Nàìjíríà, pàápàá láti Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ sí òkè òkun pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́. Ítálì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ara wọn, ní títì, lábẹ́ gbèsè tí kò ṣeé san, pẹ̀lú ìbúra tí a mú wọn ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé. Ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ sọ ní ọdún 1889 pé òun kò mọ ẹrú ni a ń kó àwọn ọmọ wa lọ ṣe ẹrú sí. Àwọn tí ó gba aginjù lọ, Líbíà ni wọ́n ń gbà; ní oṣù kọkànlá ọdún 1917 kọ́ ni ayé rí àwòrán ibi tí a ti ń gbé ọmọ Áfíríkà lu gbàǹjo níbẹ̀, ọdún 2017 ni. Iṣẹ́ ni a ṣì fi ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti fi iṣẹ́ pe Bakhita wọ inú igbó. Ẹni tí ó bá sì ń ti Ìbíní bọ̀ wá sí Èkó láti wọ ọkọ̀ òfuurufú, Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà.

A kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 1999 àwọn Sístà ilẹ̀ Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Ìbíní láti gbèjà iyì obìnrin. Ní ọdún 2003 ìjọba àpapọ̀ ṣòfin lòdì sí òwò náà, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ìbíní gégùn-ún fún àwọn tí ń kó ọmọ tà, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀ nínú ìbúra wọn. Ní Èkó, àwọn Sístà St. Louis, tí ọ̀pọ̀ ìyá ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ lọ sí ilé-ìwé wọn, dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí ó bọ́ nínú ìgbèkùn yìí. Bakhita Villa ni orúkọ ilé náà. Láti ọdún 2015, ọjọ́ 8 oṣù kejì, ọjọ́ ikú Bakhita, ni Ìjọ Àgùdà káàkiri ayé fi ń gbàdúrà lòdì sí kíkó ènìyàn tà.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti rí i pé ìgbésí-ayé Bakhita kò jìnnà sí tiwa bí ẹni tí ó wo àwòrán ilẹ̀ ayé lásán ṣe lè rò. Ìgbà tí a jí i gbé ni à ń kó ara wa lẹ́rú; ibi tí ìwòsàn tí a fi gbé e ga ti wáyé ni a ta àwọn ènìyàn wa sí; orúkọ ìjọ tí ó bọlá fún un lédè wa jẹ́ orúkọ àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀. Àbùdá rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kò ní agbára kankan tí a lè fi kì í. Èyí ni ó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ ìtàn wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa máa wá inú orin, inú òwe, inú ìwé ilé-ẹjọ́ àti ti àwọn ìjọ, kí wọ́n máa ṣa orúkọ àwọn tí a tà jọ, kí ìyókù rẹ̀ tó tú dànù.

Ní ti àwa tí a kì í ṣe onímọ̀ ìtàn, iṣẹ́ wa kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá rí ọmọ ọlọ́mọ ní ibùdókọ̀ Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjèjì tí kò jẹ́ kí ó dá sọ̀rọ̀, kí a bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu Bakhita: kí ni orúkọ rẹ, ọmọ ta sì ni ọ́? Ẹrú ṣe ọmọ rí. Kí a má ṣe dúró kí ó tó di ẹrú kí a tó mọ̀ pé ọmọ ni.